Ìtàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ fún ara wọn ló ń kọ́ wọn ní ìtọ́jú oníbàárà

Ẹ lọ sí ilé oúnjẹ, kẹ́míìsì tàbí òtẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí tó ní tó òṣìṣẹ́ mẹ́wàá, ẹ ó rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ẹ rẹ́rìn-ín sí oníbàárà, ẹ má bá oníbàárà jiyàn, ẹ máa dúpẹ́. Ìwé yẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí oníbàárà kan jẹun tán, kó fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, kí báńkì yọ owó náà lọ́dọ̀ rẹ̀, kó má sì tíì wọlé sí àkáǹtì ilé oúnjẹ. Ojú oníbàárà ti ń pọ́n, ọkọ̀ ń dúró dè é níta. Ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ fún un kò ní yíjú wo ògiri. Ohun tí yóò sọ sí i lọ́kàn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà nírú ipò yẹn gbẹ̀yìn. Bó bá ti gbọ́ pé wọ́n yọ owó oúnjẹ náà kúrò nínú owó oṣù onítọ̀hún, yóò di oníbàárà náà mú ni. Bó bá ti gbọ́ pé mánijà ní kí wọ́n gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rìsíìtì orí fóònù náà, kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn máa lọ, ohun tí òun náà yóò ṣe nìyẹn.

Gbogbo ibi iṣẹ́ ló ti ní ìtàn tirẹ̀ kí ọ̀gá tó ronú kan ìdálẹ́kọ̀ọ́ kankan. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ìdáná, wọ́n ń sọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé wọn relé, wọ́n ń sọ ọ́ lórí WhatsApp tí ọ̀gá kò sí níbẹ̀. Èyí tó máa ń lágbára jù nínú wọn ni ìtàn ẹni tí wọ́n gé owó oṣù rẹ̀, àti ti ẹni tí wọ́n bú lójú oníbàárà. Ẹ lè pe olùkọ́ wá láti Èkó, kó fi ọjọ́ méjì kọ́ gbogbo wọn, kó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Bí ìtàn owó oṣù yẹn bá ṣì wà nílẹ̀, tí kò sí òmíràn tó bò ó mọ́lẹ̀, òun ni wọn yóò máa tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ tún ìtọ́jú oníbàárà ṣe, ìtàn ni kó kọ́kọ́ tún ṣe: kó mọ èyí tí wọ́n ń sọ, kó yí ohun tó bí i padà, kó sì wá àyè fún àwọn ìtàn rere tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ tí etí ọ̀gá kì í gbọ́.

Lára àwọn tó ti sọ èyí di iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni Ritz-Carlton, ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983. Horst Schulze, ọmọ Jámánì, wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Malcolm Baldrige, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń yẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí, ní 1992 àti ní 1999. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lójúmọ́, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú òtẹ́ẹ̀lì wọn, láti ìdáná títí dé àwọn afọṣọ, máa ń dúró pọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 15. Wọ́n á gbé ọ̀kan yẹ̀ wò nínú àwọn ìlànà tí wọ́n kọ sórí káàdì kékeré tí òṣìṣẹ́ ń fi sápò, wọ́n á sì máa gbọ́ ìtàn ohun tí òṣìṣẹ́ kan ṣe fún àlejò kan, nígbà míì ní òtẹ́ẹ̀lì wọn tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹsẹ̀ kejì ọ̀rọ̀ náà ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé: òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti ná tó 2,000 dọ́là láti fi tún ọ̀rọ̀ àlejò kan ṣe, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ mánijà. Ìtàn àti àṣẹ, wọ́n jọ ń rìn ni. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ìtàn tí kò sì láṣẹ, ìbànújẹ́ ni ìtàn náà yóò dá sí i lọ́rùn.

Ìtàn wọn tó lókìkí jù wáyé ní òtẹ́ẹ̀lì wọn ní Amelia Island, ní Florida, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ ní 2012. Ọmọ kékeré kan gbàgbé àgùnfọn ìṣeré rẹ̀, Joshie, síbẹ̀. Nígbà tí ọmọ kò rí i, tí kò fẹ́ sùn, bàbá rẹ̀ sọ fún un pé Joshie ṣì ń gbádùn ìsinmi ni. Nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì pè pé àwọn ti rí i, bàbá sọ irọ́ tó pa fún ọmọ fún wọn, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya fọ́tò àgùnfọn náà lórí àga létí odò ìwẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kò dúró sórí fọ́tò kan: wọ́n yà á níbi tí wọ́n ti fi kùkúńbà lé e lójú bí ẹni tó ń gba ìtọ́jú ara, wọ́n yà á níbi tó ti ń wa ọkọ̀ gọ́ọ̀fù, wọ́n ṣe káàdì ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ fún un. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú Joshie.

Ẹ wo ohun méjì níbẹ̀. Owó tó bá iṣẹ́ yẹn lọ kò tó nǹkan. Etí tó gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá ló ṣe é. Èkejì, ẹ̀ka ààbò, àwọn tó ń ṣọ́ ohun ìní, ló wà nídìí rẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ tiwa, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń gbálẹ̀ àti awakọ̀ ni oníbàárà kọ́kọ́ ń bá pàdé, àwọn náà ni wọ́n sì ń rí i nígbà tó ń bínú jáde lọ. Ẹni tó bá ń kó ìtàn jọ lọ́wọ́ àwọn tó jókòó sí iwájú tábìlì ìgbàlejò nìkan ti pàdánù ìdajì.

Ìtàn Nordstrom, ilé iṣẹ́ ìtajà kan ní Amẹ́ríkà, kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Wọ́n ní ọkùnrin kan gbé táyà mọ́tò wá sí ilé ìtajà wọn ní Fairbanks, Alaska, ní nǹkan bí ọdún 1975, òṣìṣẹ́ sì dá owó rẹ̀ padà fún un, bẹ́ẹ̀ Nordstrom kì í ta táyà, aṣọ àti bàtà ni wọ́n ń tà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi ń jiyàn pé irọ́ ni. Ìdí tí wọ́n fi ń jiyàn ni pé ohun tó ń la ọ̀rọ̀ náà yé èèyàn ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà: Nordstrom ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ìtajà náà lọ́wọ́ Northern Commercial Company ni, àwọn yẹn sì ti ń ta táyà níbẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ọkùnrin yẹn ti ra ọjà gan-an ló dá a padà sí. Òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ìtàn náà láìgbọ́ ibẹ̀ yóò rò pé ìwà òmùgọ̀ ni ọ̀gá fẹ́ kí òun máa hù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé òṣìṣẹ́ náà ronú nípa ohun tó tọ́ sí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ tètè gba ìtàn sílẹ̀, ó pẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì, kí ìdí rẹ̀ tó sọnù. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ohùn lórí WhatsApp, tí kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó mọ̀rọ̀ sọ ni ojú máa ń tì láti kọ̀wé, bí ẹ bá sì ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn wọn á le koko bí lẹ́tà ìgbàwáṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tí oníbàárà fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ni kí wọ́n dáhùn. Kí ni oníbàárà sọ gan-an, lẹ́nu ara rẹ̀? Kí lo rí tàbí tí o gbọ́ tó jẹ́ kí o mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà? Kí lo ṣe, ta lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, èló ló ná wa? Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Èkejì ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń fò. Bí wọ́n bá fò ó, ẹ tún béèrè.

Ẹ fi àpẹẹrẹ tí a fúnra wa hun yìí wé ara wọn. Òṣìṣẹ́ kẹ́míìsì kan lè sọ pé: «Ìyá àgbà kan wá ra oògùn. Mo tọ́jú wọn dáadáa, inú wọn sì dùn.» Kò sí ẹni tó lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Ó sì lè sọ pé: «Ìyá àgbà kan wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oríṣi méjì. Mo ní ọ̀kan ni wọ́n á máa lò láàárọ̀, èkejì lálẹ́. Wọ́n ní, ‹Mo ti gbọ́, ọmọ mi.› Ṣùgbọ́n wọ́n ń yí páálí méjèèjì lọ́wọ́, wọ́n wá bi mí pé ṣé èyí tó tóbi ni ti àárọ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọn ò lè ka ohun tó wà lára rẹ̀. Mo bi apòògùn wa bóyá mo lè yàwòrán sí i, wọ́n ní kí n ṣe é. Mo ya oòrùn sára ti àárọ̀, mo ya òṣùpá sára ti alẹ́, mo ní kí Màmá tún un sọ fún mi. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n mú ọ̀rẹ́ wọn kan dání.» Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó rí i pé òṣìṣẹ́ mìíràn ti ń wo ọwọ́ oníbàárà bó ṣe ń yí páálí. Ọ̀gá tó gbọ́n yóò ra máàkà méjì sórí tábìlì.

Sísọ rẹ̀ ni ibi tó dùn jù, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Ẹ ṣe é lórí ìdúró, ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ náà ní tiwọn. Ìtàn kan péré lójúmọ́, ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹ bá sọ mẹ́ta, wọn ò ní rántí ọ̀kan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni kó sọ ọ́. Bí ọ̀gá bá ń bá gbogbo èèyàn sọ tiwọn, ìwàásù ló máa dà, etí á sì di.

Kí ẹni tó ń sọ ìtàn sì dúró ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí sí méjì. Ilé àlọ́ ni a ti mọ èyí tẹ́lẹ̀: apàlọ́ kì í dá sọ ọ́, àwọn tó jókòó ń gbe orin, wọ́n ń dáhùn, wọ́n sì ń sọ ohun tí àwọn rò pé Ìjàpá yóò tún ṣe. Kí òṣìṣẹ́ sọ ọ́ dé ibi tí Màmá ti ń yí páálí lọ́wọ́, kó wá dákẹ́. Kí ẹni tó ń darí ìpàdé bi ẹni mẹ́ta léèrè: «Ká ní ìwọ ni, kí lò bá ṣe?» Kó kọ́kọ́ bi ẹni tó kéré jù, torí bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé á kàn máa ní «bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí Bọ̀dá sọ yẹn náà ni». Lẹ́yìn ìdáhùn mẹ́ta, kí oníìtàn parí rẹ̀. Nígbà míì, ìdáhùn ọ̀kan nínú wọn á dára ju ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó yẹ kí a fẹnu ba ìkíni níbí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ́ òṣìṣẹ́ ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí wọ́n á máa kà sí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ìyá tó ti inú oòrùn wọlé, «ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú oòrùn» ló ń fẹ́ gbọ́. Ẹni tó ti wà lórí ìlà láti àárọ̀, «ẹ kú ìdúró» ló yẹ ẹ́. Ìtàn tí wọ́n bá sọ pẹ̀lú ìkíni tó wà nínú rẹ̀ yóò kọ́ ọmọ tuntun ní èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ òfin sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó. Kò sí ẹni tó ní kí búkà máa ná 2,000 dọ́là. Ẹ pín owó tó wọlé lọ́sẹ̀ kan sí iye oníbàárà tó wá lọ́sẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ₦4,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ná, ẹ fún agbóúnjẹ láṣẹ ₦4,000 lórí oníbàárà kan: ó lè pààrọ̀ àwo oúnjẹ, ó lè ní kí ẹni náà má sanwó ohun mímu, ó lè fi ọ̀kadà gbé ohun tí wọ́n gbàgbé ránṣẹ́. Alábòójútó lè ní àṣẹ tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Kí gbogbo rẹ̀ lóṣù má ju owó kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ: ẹni tó ń ta ₦3,000,000 lóṣù, ₦30,000 ni. Kí nótùbúùkù kan wà nídìí káńtà, kí wọ́n kọ ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, iye owó, orúkọ òṣìṣẹ́ àti ohun tó fà á. Láti inú ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ìtàn yóò ti máa jáde, òun náà ni ẹ ó sì fi mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Bí ẹ bá ti máa ń gé owó oṣù nítorí àṣìṣe, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kankan. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ìyẹn Labour Act, kò tilẹ̀ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ dédé gé owó òṣìṣẹ́ nítorí ohun tó bàjẹ́ tàbí tó sọnù: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó jẹ́ àìbìkítà rẹ̀, kí lábọ̀ ọ́físà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, sì ti fọwọ́ sí i ní kíkọ ṣáájú. Bí ẹ bá gé ti ẹnì kan tí kò tọ́, ẹ dá a padà, kí àwọn tó kù sì mọ̀ pé ẹ dá a padà.

Àwọn ohun kan wà tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ lẹ́yìn oṣù kìíní tàbí ìkejì. Ẹ̀bùn owó ni àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ní ìtàn tó dára jù lóṣù máa gba ₦20,000, ìtàn àròsọ ni ẹ ó máa gbọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí oníbàárà kì í dé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Kí ẹni tó sọ ìtàn gba oúnjẹ ọ̀sán, kí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé ìtàn, ó tó.

Ìkejì ni yíyin òṣìṣẹ́ tó ná owó àpò ara rẹ̀. Ẹ má yìn ín títí tí ẹ ó fi san owó náà padà. Bí ẹ bá yìn ín láìsan, ohun tí àwọn tó kù gbọ́ ni pé ilé iṣẹ́ yìí fẹ́ kí a máa fi owó oṣù wa tọ́jú oníbàárà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pípe ẹ̀tọ́ ní àánú. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2018, fún ẹni tó ra ọjà tó ní àléébù lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà. Ilé ìtajà tó gba fáànù tó bàjẹ́ padà, tó wá ń sọ ọ́ bí ìtàn inú rere, ń kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé ojú rere ni oníbàárà ń tọrọ. Ẹ sọ bí òṣìṣẹ́ náà ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láì dá a lágara; ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Èyí tó léwu jù ni ìtàn tó ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ mẹ́ta bá sọ ìtàn mẹ́ta nínú oṣù kan nípa bí wọ́n ṣe fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé omi gbígbóná lọ fún àlejò ní òkè kejì, ìtàn akọni kọ́ nìyẹn mọ́, ẹ̀rọ tó ń se omi ló bàjẹ́. Ẹ wo ìlà «ohun tó fà á» nínú nótùbúùkù: ohunkóhun tó bá farahàn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ọ̀gá tún un ṣe, kó sì wá sọ fún wọn pé ìtàn wọn ló jẹ́ kí òun tún un ṣe. Wọn ò ní dákẹ́ ìtàn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Orúkọ oníbàárà kò gbọdọ̀ jáde. Ní kẹ́míìsì, ilé ìwòsàn àti báńkì, ẹ yọ àdúgbò, iṣẹ́ àti ọjọ́ orí gan-an kúrò pẹ̀lú, torí ìlú wa kékeré, «ìyàwó pásítọ̀ tó ń gbé ní ẹ̀yìn ọjà» kò yàtọ̀ sí orúkọ. Òfin ìdáàbòbò ìwífún ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ìwífún tó nílò ìṣọ́ra tó lágbára. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìtàn sórí Facebook tàbí Instagram, ẹ gbàyè lọ́wọ́ oníbàárà ní kíkọ, kí ẹ sì gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà.

Ìtàn àṣìṣe ló ṣòro jù láti gbà jáde lẹ́nu. Ní ibi iṣẹ́ Yorùbá, ọmọ ọdún 22 kò ní dìde níwájú Màmá Ìdáná kó ní ọbẹ̀ tí Màmá sè lánàá ló lé oníbàárà lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí oníkálukú sọ ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ ṣe nìkan, kí ó sì jẹ́ àgbà ni yóò kọ́kọ́ sọ. Lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Kí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀: «Èmi ni mo ní kí wọ́n gba àlejò 60 nígbà tí àga 45 ló wà.» Kí Màmá Ìdáná wá ní: «Mo mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀, mo jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde torí èrò pọ̀.» Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọdé á rí ẹnu sọ tirẹ̀. Ẹ ṣe àdéhùn kan, kí ẹ sì pa á mọ́: yàtọ̀ sí olè jíjà àti fífi ọwọ́ kan oníbàárà, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá fẹnu ara rẹ̀ sọ níbẹ̀ kò ní di ìwé ìkìlọ̀. Ẹ ba àdéhùn yẹn jẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ò ní gbọ́ òótọ́ mọ́ fún ọdún kan gbáko.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ lo ìtàn tí ẹ ti kó jọ. Zappos, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi ọ̀pọ̀ ọdún ní kí òṣìṣẹ́ máa kọ ohun tí wọ́n rò nípa iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìwé láìṣe àtúnṣe sí i kọjá àṣìṣe lẹ́tà, pẹ̀lú ohun tí kò dùn mọ́ ọ̀gá nínú. Tiyín lè jẹ́ fáìlì kan tí ìtàn 30 wà nínú rẹ̀. Kí ẹni tuntun ka márùn-ún tàbí kó gbọ́ ohùn wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ó sì sọ ọ̀kan tirẹ̀ nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ yọ ìtàn tó bá ti ju ọdún kan ààbọ̀ lọ, àfi bí ẹni tó ni ín bá ṣì wà níbẹ̀ tó lè dáhùn ìbéèrè.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá wọn bi òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: «Ẹnì kan ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Ìtàn wo lo máa sọ fún un nípa oníbàárà níbí?» Kó kọ ohun tí wọ́n bá sọ bó ṣe jáde. Iye àwọn tó mú ìtàn ìjìyà wá àti iye àwọn tó mú ìtàn ìtọ́jú wá ni ìwọ̀n yín, ẹ fi wé ti oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀. Láàárín ìgbà náà, bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ìtàn kankan kò wọlé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi agídí gbà á. Ẹnì kan ni wọ́n ti bú, tàbí owó kan ni wọn ò san padà. Ẹ kọ́kọ́ lọ bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, torí òun ló máa ń rí wọn nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé.